Ẹ Sọ Ẹni Tó Gun Alùpùpù Náà fún Wa

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ewé ọkọ̀ àti alùpùpù ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí nínú ìwé ìròyìn yín, kí n tó ka ọ̀rọ̀ òṣèlú tàbí ti bọ́ọ̀lù. Èyí tí ẹ kọ lẹ́nu àìpẹ́ yìí nípa àwọn alùpùpù inú igbó, àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní dirt bike, ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà. Ẹ to alùpùpù márùn-ún sínú àtẹ kan: agbára ẹṣin, ìwúwo, gíga ìjókòó, iye jíà. Ẹ wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì, ẹ sì ní 450, ìyẹn èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó cc 450, ló gbégbá orókè.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ọ̀rọ̀ náà. Mi ò rí ibi tí ẹ ti sọ ẹni tó gùn wọ́n. Mi ò rí bí onítọ̀hún ṣe wúwo tó, bó ṣe ga tó, ọdún mélòó ló ti wà lórí alùpùpù, irú ilẹ̀ wo ló gbé wọn gbà, àti bóyá ẹnikẹ́ni tilẹ̀ fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì wọn kí wọ́n tó gbéra. Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ kò ju ìyẹn lọ: ẹ máa sọ ọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kó ká mi lára tó bẹ́ẹ̀.

Irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi ọkùnrin kà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò tíì gun alùpùpù inú igbó rí. Ó wo èyí tó wà lókè pátápátá, ó ní bí ó bá jẹ́ pé òun náà ló dára jù, kí lòun ń wá lọ sísàlẹ̀? Ó rà á. Alùpùpù 450 tí wọ́n ṣe fún ìdíje ni, agbára rẹ̀ lé ní agbára ẹṣin 50, ìwúwo rẹ̀ kò sì ju bíi kìlò 110 lọ. Ẹni tó tà á fún un ní kó yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀mejì lórí jíà kìíní, ó ní ìdánwò nìyẹn.

Ọjọ́ kẹrin tó gbé e jáde ló ṣubú. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo wà. Ó ń jáde ní kọ́nà, táyà ẹ̀yìn gun òkúta kan, alùpùpù ta síwájú díẹ̀, ara rẹ̀ sì fì sẹ́yìn. Tí ara bá fì sẹ́yìn, tí ọwọ́ ò sì jù ú sílẹ̀, ṣe ni ọrùn ọwọ́ ọ̀tún máa ń wálẹ̀, iná ló sì ń fún alùpùpù yẹn. Bí iná ṣe ń pọ̀ ni ara ń fì sẹ́yìn sí i, bí ara sì ṣe ń fì ni iná tún ń pọ̀ sí i. Lórí alùpùpù kékeré, èèyàn á ráyè fa kúlọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Lórí 450 yẹn, kò sí àyè kankan. Mo rí i tí táyà iwájú gbéra sókè, mo rí ìsàlẹ̀ mọ́gáàdì, lẹ́yìn náà mo rí àbúrò mi nílẹ̀. Egungun tó so ọrùn mọ́ èjìká ló ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méje ló fi gbé apá kọ́rùn.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù náà, nítorí alùpùpù ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn, ohun ìyanu ni. Àtẹ yẹn ni ò sọ fún àbúrò mi pé ẹni tó fún un ní máàkì tó pọ̀ jù ti ń gun alùpùpù bọ̀ látìgbà èwe rẹ̀.

Èmi fúnra mi, obìnrin ni mí, kìlò 58 ni mo wọ̀n, ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń gun alùpùpù inú igbó. Mi ò gùn ún fún owó. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ máa ń jáde, ọkùnrin, kìlò 92. Ní ọdún tó kọjá ni èmi àti òun fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí Yamaha YZ250F kan tí wọ́n yá wa láti fi dánwò. Mo gùn ún, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní alùpùpù yìí yára wọ kọ́nà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tó tẹ́ ni mi ò ti gbádùn rẹ̀: tó bá ti sáré, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n tọ̀tún tòsì bíi pé ó fẹ́ já gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Òun náà gùn ún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní irọ́ gbáà ni mò ń pa: alùpùpù dúró gbọn-in lójú ọ̀nà tó tẹ́, kọ́nà ni kì í fẹ́ wọ̀, ṣe ni táyà iwájú ń gbá lọ sí ẹ̀yìn òde. Alùpùpù kan náà, epo kan náà, ojú ọ̀nà kan náà, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ara wọn. A sọ ọ́ títí ohùn fi ga.

Téèpù ìwọnlẹ̀ ló parí ìjà náà. A gbé alùpùpù náà lé orí àpótí kí táyà ẹ̀yìn má baà kan ilẹ̀, a wọ̀n ọ́n láti ọ̀pá àárín táyà ẹ̀yìn lọ sókè tààrà dé ibi tí a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí lára mọ́gáàdì. Ṣọ́ọ̀kì tí mò ń wí níbí ni ti pátákó ìkọ̀wé o. Ó jẹ́ mìlímítà 600. A wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo wọ akoto, bùútù àti gbogbo ìhámọ́ra mi, mo gùn ún, ẹnì kan di iwájú mú kí n lè dìde dúró lórí ìtẹ́sẹ̀ kí n sì rọra jókòó. A wọ̀n ọ́n: 517. Ó túmọ̀ sí pé mìlímítà 83 ni ẹ̀yìn alùpùpù fi rẹlẹ̀ lábẹ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi náà gùn ún: 481. Ó rẹlẹ̀ ní mìlímítà 119 lábẹ́ tirẹ̀. Sag ni àwa tó ń gùn ún ń pè é. Fún ọ̀pọ̀ alùpùpù ìdíje tó ga dáadáa, nǹkan bíi 100 sí 105 ni wọ́n ń wá.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń ṣe. Lábẹ́ mi, ìdí alùpùpù ga jù, ìwúwo lọ síwájú, fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin méjì tó di táyà iwájú mú, sì dúró gangan ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń yára wọ kọ́nà tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Lábẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ìdí ti rì, iwájú fúyẹ́, fọ́ọ̀kì sùn sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tó fi dúró gbọn-in lójú ọ̀nà tó tẹ́ tí kò sì fẹ́ yí. Nínú àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó purọ́. Bí ìwé ìròyìn kan bá gbé èmi nìkan lọ ṣe ìdánwò, wọn ì bá kọ ọ́ pé alùpùpù náà ò fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọ̀rẹ́ mi lọ, wọn ì bá ní kì í wọ kọ́nà. Àwọn tó ń kà á á sì gbà pé alùpùpù ni wọ́n ń sọ, nígbà tó jẹ́ pé kìlò 58 àti kìlò 92 ni.

A fi sípánà yí òrùka irin tó wà lórí sípíríǹgì ẹ̀yìn, a dẹ̀ ẹ́ títí ó fi di 102 lábẹ́ mi. Ó yàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìgbọ̀n yẹn dínkù débi pé mo lè sinmi ìka. Ṣùgbọ́n kò tíì parí. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ tí a wá wọn bí alùpùpù ṣe ń rẹlẹ̀ lábẹ́ ìwúwo ara rẹ̀ nìkan, ó jẹ́ 52, bẹ́ẹ̀ sì ni 30 sí 40 ló yẹ kó wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé bó bá ti rẹlẹ̀ jù báyẹn, sípíríǹgì rọ̀ jù ni. Òdìkejì rẹ̀ ni. Sípíríǹgì náà le jù fún mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ní láti dẹ̀ ẹ́ gan-an kó tó lè gbà fún ìwúwo mi. Ti ọ̀rẹ́ mi, a fún un títí ó fi di 104 lábẹ́ rẹ̀, alùpùpù nìkan wá ń rẹlẹ̀ ní 17 péré: sípíríǹgì rọ̀ jù fún òun. Wọ́n ṣe é fún ẹnì kan tó wà láàárín àwa méjèèjì, ẹni tí kò sí lórí pápá lọ́jọ́ náà.

Látìgbà yẹn, bí a bá fẹ́ fi alùpùpù wé ara wọn, a kì í gun èyíkéyìí kí a tó wọ̀n ọ́n. Ẹ má sọ pé àkókò ò sí. Bí èèyàn mẹ́ta bá wà níbẹ̀, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Afẹ́fẹ́ táyà náà ńkọ́? Ọ̀kan nínú àwọn tí a gùn dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú psi 22. Ṣe ló ń yọ̀ lórí gbòǹgbò igi bíi pé ọṣẹ ni wọ́n fi kun ún. A dín in kù sí 13, ó di alùpùpù mìíràn. Ọwọ́ kúlọ́ọ̀ṣì àti ọwọ́ bíréèkì náà wà níbẹ̀: bí wọ́n bá gbé wọn sókè jù, ọrùn ọwọ́ á ká nígbà tí èèyàn bá dìde dúró, apá á sì ti rẹ̀ ẹ́ kí ó tó yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹta. Aago méje àárọ̀ ni mo máa ń tún gbogbo ìwọ̀nyí ṣe.

Ọjọ́ méjì ni a fi dán alùpùpù mẹ́rin wò láìpẹ́ yìí, èmi, ọ̀rẹ́ mi, àti àbúrò mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Pápá kan wà tó ní kọ́nà oníyẹ̀pẹ̀ rírọ̀, ìgòkè kan, àti odò gbígbẹ tó kún fún òkúta.

Honda CRF230F ni a kọ́kọ́ gùn. Alùpùpù àtijọ́ ni, CRF250F ti rọ́pò rẹ̀ láti 2019. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò ní ríjítọ̀. Nínú àtẹ yín, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ì bá wà. Ìjókòó rẹ̀ ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 87 lọ sí ilẹ̀, nígbà tí ti àwọn alùpùpù ìdíje máa ń lé ní 95. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án yẹn, ẹni tó ga kò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n fún èmi, òun ni ìyàtọ̀ láàárín kí àtẹ́lẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ dáadáa àti kí ó jẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló kàn án. Àárín òkúta ni èèyàn ti ń mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí alùpùpù bá dúró lójijì tó sì fẹ́ tẹ̀, tí ẹsẹ̀ ò bá kanlẹ̀, ilẹ̀ náà ni èèyàn ń lọ.

Àbúrò mi gùn ún. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gun alùpùpù látìgbà tó ti ṣubú nìyẹn. Ó yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀ bíi ti ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó tún kọjá níwájú wa, ó ti gbé ẹsẹ̀ lé ìtẹ́sẹ̀. Nígbà kẹta, ó dìde dúró, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ yọ síta bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó fún un níná jáde ní kọ́nà, alùpùpù lọ, òun náà bá a lọ. Nígbà tó dúró tó ṣí akoto, ojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín débi pé mi ò lè wò ó pẹ́. Máàkì mélòó ni ẹ máa fún ìyẹn?

Yamaha YZ125 ni ìkejì. Two-stroke ni (irú ẹ́ńjìnnì kan ni, màá sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí four-stroke láìpẹ́), jíà mẹ́fà, kabúrẹ́tọ̀, kíìkì nìkan ló ń tan iná rẹ̀. Ẹni tí kò bá gùn ún rí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó máa ń sùn. Bí ẹ bá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, á kàn máa kùn. Bó bá ti gòkè dé ibi tó fẹ́, á jí lójijì, á sì máa ké. Iṣẹ́ ẹni tó wà lórí rẹ̀ ni kó má jẹ̀ẹ́ kó sùn: ìka kan lórí kúlọ́ọ̀ṣì ní gbogbo kọ́nà, kí a sì máa yan jíà kí ó tó pẹ́ jù. Ó rẹ ọ̀rẹ́ mi tó wọ̀n kìlò 92, lórí ìgòkè ló ń ṣàánú fún alùpùpù náà. Èmi, mi ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó fúyẹ́ débi pé ní kọ́nà kẹta, níbi tí táyà ti gbẹ́ ilẹ̀ di ojú àgbàrá tóóró, mo wọ inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, mo rí i pé mo ti ṣìnà, mo sì fi orúnkún tì í padà kí táyà tó mọ̀. Alùpùpù tó wúwo kì í gba irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Epo rẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹ́ńjìnnì two-stroke bíi tirẹ̀, inú epo bẹntiróòlù ni a ń po ọ́ìlì rẹ̀ mọ́. Bí ìwé rẹ̀ bá ní 40 sí 1, lítà 5 epo á gba ọ́ìlì mìlílítà 125. Mo ti rí ẹni tó da epo lásán sí i nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún un. Kò pẹ́ tí písítìnì fi gan mọ́ inú.

Yamaha YZ250F tó fa ìjà yẹn la gbà padà fún ìkẹta. Four-stroke ni, bọ́tìnnì ló ń tan án. Ohun kan wà nípa rẹ̀ tí àtẹ ò lè sọ: láti 2014 ni Yamaha ti yí orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà, afẹ́fẹ́ ń gba iwájú wọlé, èéfín ń gba ẹ̀yìn jáde. Nítorí náà, ìdí ìjókòó kọ́ ni ariwo ìmíkanlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ti ń wá, abẹ́ ojú èèyàn ni, níbi táńkì. Bí mo bá fún un níná, ṣe ló dà bíi pé nǹkan kan ń ké sí mi láàárín apá mi méjèèjì. Ó máa ń jẹ́ kí n rò pé mo ti ń sáré ju bí mo ṣe ń sáré lọ. Bí èèyàn bá fi etí ṣe ìdájọ́, á ṣi ìdájọ́. Aago la gbé síbẹ̀.

Ìkẹrin ni KTM 300 EXC, two-stroke tí epo rẹ̀ kì í gba kabúrẹ́tọ̀ mọ́. Láti àwọn tí wọ́n kọ 2018 sí lára ni ilé iṣẹ́ náà ti ń fi ẹ̀rọ tó ń fín epo sí i, ọ́ìlì sì ní táńkì tirẹ̀, kò sí pípò. Kúlọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kì í ṣe oníwáyà, ọ́ìlì ló ń tì í, ìka kan ti tó láti fà á láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rẹ̀ so tààrà mọ́ apá táyà, láìsí àwọn irin ìsopọ̀ tó wà lára àwọn tó kù, ìwé tirẹ̀ sì ní kó rẹlẹ̀ sí nǹkan bíi 110 ni. Ẹ ò lè fi 102 ti YZ250F gun èyí kí ẹ wá sọ pé ẹ ti fi wọ́n wé ara wọn. Lórí odò òkúta yẹn, mo fi í sí jíà kejì, mo jẹ́ kó máa rìn bí ẹni tó ń ronú. Táyà iwájú á kan òkúta tó tó orí ọmọdé, mo máa fún un níná díẹ̀, á gun orí rẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, kò ní kú. Ibi tí ẹ́ńjìnnì YZ250F ti kú mọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn o. Ní kọ́nà yẹ̀pẹ̀ ẹ̀wẹ̀, YZ250F fi í sílẹ̀ jìnnà.

Ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí wọ́n fi ń jẹ́ kí 125 two-stroke àti 250 four-stroke jọ díje. Two-stroke máa ń jó epo ní gbogbo ìgbà tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀kan. Four-stroke gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mejì kó tó jó o lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba four-stroke láyè láti tóbi jù. Títí di ìparí àwọn ọdún 1990, two-stroke ló gba gbogbo pápá kan. Ní 1997 ni Doug Henry, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fi alùpùpù díje, gun four-stroke Yamaha kan tí wọn ò tíì máa tà, tó sì fi gba ipò kìíní nínú ìdíje Supercross, ìyẹn ti inú pápá ìṣeré, ní Las Vegas. Ní 1998, Yamaha gbé YZ400F jáde, Henry sì fi gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje ìta gbangba ti 250 ní Amẹ́ríkà. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti kọjú sí four-stroke. Mo sọ èyí nítorí pé nínú àtẹ yín, ẹ to 125 àti 250 sí orí ìlà kan náà, ẹ ní 250 “lágbára ní ìlọ́po méjì”. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Nípa aago: a yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́fà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí YZ250F, ìyípo àkọ́kọ́ mi jẹ́ ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 41, òun ló yá jù nínú gbogbo ìyípo mi. Ìkẹfà jẹ́ ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 58, apá mi ti le bí igi, mi ò lè pa ìka dé mọ́. Lórí KTM 300, àkọ́kọ́ jẹ́ 2 àti 49, ìkẹfà jẹ́ 2 àti 51. Èwo ló yára jù nínú méjèèjì? Bí ẹ bá ka ìyípo kan, ẹ máa sọ ọ̀kan. Bí ẹ bá ka mẹ́fà, ẹ máa sọ ìkejì. Ti ọ̀rẹ́ mi yàtọ̀ sí tèmi pátápátá: YZ250F ò rẹ̀ ẹ́ rárá, 2 àti 38 ni títí dé òpin.

Pápá pàápàá kì í dúró sójú kan. Ní àárọ̀, ilẹ̀ tutù, táyà ń di í mú. Tó bá fi di ọ̀sán, ó ti gbẹ, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń tẹ bíréèkì ti di kùgúkùgù. Alùpùpù tí ẹ bá gùn kẹ́yìn ló máa jìyà rẹ̀. Nítorí náà, a máa ń padà sórí èyí tí a kọ́kọ́ gùn kí a tó dá ọwọ́ dúró. CRF230F tó rọ̀ mí lọ́rùn láàárọ̀, nígbà tí mo tún gùn ún ní aago mẹ́rin, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ń kan òpin lórí kùgúkùgù wọ̀nyẹn. Bí mi ò bá padà sórí rẹ̀ ni, ǹ bá ti fún un ní máàkì àárọ̀.

Ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ bá mi sọ fún un kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tan án fún un. Bó bá ti gbóná kó tó dé, wọ́n ti tan án sílẹ̀ dè é nìyẹn, kò ní mọ̀ bóyá ó máa ń ṣòro tàn ní tútù. Kó gbé táyà ẹ̀yìn sókè, kó mì í tọ̀tún tòsì, kó sì tún mì í sókè sódò. Yíyí ọgbà ká lórí jíà kìíní kì í ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá ní alùpùpù òun dára, kó jẹ́ kí wọ́n gbé e dé ibi tó ní òkè àti kọ́nà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa tẹ̀ sábẹ́ irú àtẹ bẹ́ẹ̀ kò ní gbà ju ìlà mẹ́ta lọ. Ìwúwo àti gíga ẹni tó gùn ún, pẹ̀lú iye ọdún tó ti ń gùn. Bí ṣọ́ọ̀kì ṣe rẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, àti afẹ́fẹ́ táyà. Irú ilẹ̀ tó jẹ́, àti èwo ni wọ́n kọ́kọ́ gùn. Bó bá sì ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ẹni méjì gùn ún, ọ̀kan tó fúyẹ́ àti ọ̀kan tó wúwo, kí ẹ sì tẹ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, àní bí wọ́n bá ta ko ara wọn.

Mo ní ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ méjèèjì yẹn, gbogbo ìwọ̀n àti gbogbo ìyípo ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, mo ṣetán láti fi ránṣẹ́. Àbúrò mi ti ta 450 yẹn, ó tún fẹ́ ra òmíràn, ọkàn rẹ̀ sì pín sí méjì láàárín YZ125 àti 300. Kìlò 74 ni. Ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín kìlò mélòó ni ẹni tó gun àwọn márùn-ún tí ẹ tò sínú àtẹ yẹn, òun ò ní san owó fún ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi dáhùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Obìnrin kan tó ń ka ìwé yín